Ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú kò tíì kú o, ọpọlọ ló yẹ ká bá sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan l'Òkè-Sopẹ́n, n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í ṣe ẹnìkan pàtó o, irú rẹ̀ ló pọ̀ káàkiri, torí ẹ̀ ká ṣáà máa pè é ní Ìyá Olóbì. Obì gbàǹja ló ń tà, ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọdún 55, ara rẹ̀ le koko, kò sì sẹ́ni tó lè bá a nájà kó rẹ́ ẹ jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, ó ní kóun gbé apẹ̀rẹ̀ obì, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀. Ó fẹ́ pariwo pe ọmọ rẹ̀, ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó ń jáde ò já gaara mọ́. Kọ́mọ náà tó sáré dé, Ìyá Olóbì ti wà nílẹ̀ gbalaja.

Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tó fà á. Àwọn kan ní orogún rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mí-ìn ní rárá o, obìnrin tí wọ́n jọ ń du oníbàárà lọ́jà ni, ṣebí wọ́n fa ọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnìkan tiẹ̀ ní òun rí ẹyẹ kan lórí òrùlé wọn lóru, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ látàná, kò rí èsì fọ̀. Bí ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ ṣe máa ń rí láàárín wa nìyẹn. Kí dókítà tó ya ẹnu, wọ́n ti dá ẹjọ́, wọ́n sì ti mú ọ̀daràn.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó ta ọfà kiri, kò sẹ́ni tó ráyè wo ọwọ́ tí ọfà bà. Ọwọ́ náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Ká tó mú orogún, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun táwọn tó ṣèwádìí sọ. Láàárín ọdún 2014 sí 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó èèyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù jọ ní Nàìjíríà àti Gánà. Wọ́n tún wá èèyàn 2,118 mí-ìn tí kò ní in, tọ́jọ́ orí wọn jọra, wọ́n wá ń wo ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. SIREN ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, ọdún 2018 ni wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde. Ohun 11 ni wọ́n kà sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú, ó sì fi ọ̀nà jíjìn ṣíwájú. Àwọn yòókù ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ikùn tó yọ ju bó ṣe yẹ lọ, ìtọ̀ ṣúgà, àìjẹ ẹ̀fọ́, ìdààmú ọkàn, iyọ̀ tí wọ́n ń bù sóúnjẹ lẹ́yìn tó ti dórí tábìlì, àìsàn ọkàn, àìlo ara, sìgá mímu àti ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́. Orúkọ orogún ò sí níbẹ̀.

Kí wá ló ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Olóbì? Ẹ̀jẹ̀ ò dé apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ mọ́ ni. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan náà pa, ó sì lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló ń darí tòsì. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún tó kọ̀ yẹn, kò sóhun tó ṣe eegun rẹ̀, kò sóhun tó ṣe ẹran ara rẹ̀. Ọ̀gá tó ń rán an níṣẹ́ ló dákú.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nìyí. Wọ́n á rí ọwọ́ tó rọ̀ dirodiro, wọ́n á máa fi òróró pa á, wọ́n á máa fi omi gbígbóná jó o, wọ́n á máa fà á bí ìgbà téèyàn ń fa okùn. Ọwọ́ ni wọ́n ń bá jà, bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ló yẹ kí wọ́n bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo inú ilé Ìyá Olóbì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti gbé e lọ síbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, owó obì ti tán, ilẹ̀ kan ti lọ sí i. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó wálé, ó kúnlẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé Màámi lọ sí Ṣágámù. Físíò ni wọ́n máa ṣe fún wọn.”

“Físíò wo? Ṣé ohun tí òyìnbó lè wò lo rò pé èyí jẹ́? Wọ́n ní ká má gbé wọn kúrò lójú kan.”

“Ojú kan tẹ́ ẹ ní kí wọ́n wà yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọ̀rọ̀ àbúrò yìí ló bọ́ sí i. Gbogbo ará ilé ló fẹ́ràn ìyá náà, ìfẹ́ náà sì pọ̀ débi pé wọn ò jẹ́ kó ṣe ohunkóhun. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń fi ìkòkòrẹ́ sí i lẹ́nu. Ọmọ-ọmọ ló ń wọṣọ fún un. Tó bá ní kóun na ọwọ́ ọ̀tún sí ife omi, gbogbo wọn á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé “Ẹ fi sílẹ̀, Màmá, ẹ má yọra yín lẹ́nu.” Ìfẹ́ ni o, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó ń pa ọwọ́ ni.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Edward Taub, ló ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nírú àsìkò yìí. Ara ọ̀bọ ló ti kọ́kọ́ rí i. Ó rí i pé tí ẹranko bá gbìyànjú láti lo ọwọ́ tí kò jẹ́ fún un mọ́, tó gbìyànjú títí tí kò rí èrè kankan, á jáwọ́ níbẹ̀, á gbájú mọ́ ọwọ́ kejì. Nígbà tí ara bá wá yá díẹ̀, tí ọwọ́ náà tún lè ṣiṣẹ́, kò ní í lò ó mọ́, torí ọpọlọ ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbàgbé ọwọ́. Bó ṣe rí fún èèyàn náà nìyẹn. Apá kan nínú ohun tó sọ ọwọ́ Ìyá Olóbì di òkú igi, àìsàn kọ́, àìlò ni.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé ohun tí ọpọlọ bá kọ́, ó lè kọ́ òmíì rọ́pò rẹ̀. Ibi tó ti kú nínú rẹ̀ kì í jí padà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nítòsí ibẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó lè kọ́ ọ, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n ṣe dáadáa àti ìgbà tí wọ́n ṣìṣe. Ẹ rántí ayé ìgbà tí gbogbo ilé ń yí eríálì tẹlifíṣàn. Ẹni tó gun òrùlé ò rí àwòrán o. Àfi kí ẹni tó jókòó ní pálọ̀ máa pariwo pé “Ó ti ń mú bọ̀! Ó ti lọ! Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀! Dúró bẹ́ẹ̀!” Tí ẹni tó wà ní pálọ̀ bá dákẹ́, ẹni tó wà lókè á yí eríálì títí ilẹ̀ á fi ṣú ni. Ọpọlọ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù ló wà lórí òrùlé yẹn. Ó ń yí eríálì, ọwọ́ ò gbéra, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo fún un pé “Ó ti fẹ́ẹ̀ mú!”

Ohun táwọn onímọ̀ òkè òkun wá ń ṣe báyìí ni pé wọ́n ń wá ẹni tó máa pariwo láti pálọ̀. Dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, ló kọ́kọ́ gba iná kékeré tó ń jáde lára ọpọlọ èèyàn sílẹ̀ lọ́dún 1924. Lóde òní, fìlà tí wọ́n to wáyà sí ni wọ́n ń dé séèyàn lórí láti fi gba iná náà, EEG ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1990, Seiji Ogawa, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara lè mọ ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn dání yàtọ̀ sí èyí tó ti lo tiẹ̀ tán. Apá ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn máa ń rọ́ lọ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń rí iṣẹ́ ọpọlọ látìta nìyẹn, láìla orí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á ní kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n á gbé àwòrán kan sí i lójú, ó lè jẹ́ ìlà méjì tó ń ga tó ń kúrú, ọ̀kan dúró fún apá ọpọlọ tí àrùn bà jẹ́, èkejì dúró fún apá tó yè. Wọ́n á ní kó gbìyànjú láti gbé ọwọ́ tó kọ̀ yẹn. Bí apá ọpọlọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ bá ta pútú, ìlà rẹ̀ á ga sókè. Ọwọ́ lè má tíì mì o, ṣùgbọ́n ẹni náà ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Á tún gbìyànjú lọ́nà mí-ìn, á tún wò ó. Ariwo ti pálọ̀ ti dé òrùlé nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti MRI máa ń pẹ́ díẹ̀, bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, torí ẹ̀jẹ̀ ò yára bí iná. Neurofeedback ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní Yunifásítì Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dán an wò lára èèyàn 24 tí rọpárọsẹ̀ ti pẹ́ lára wọn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2022. Ìdajì wọn rí ìlà tó jẹ́ ti ọpọlọ tara wọn, ìdajì kejì rí ìlà tí kì í ṣe tiwọn, wọn ò sì mọ̀. Àwọn tó rí tara wọn ló ṣe dáadáa jù nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kì í ṣe gbogbo ìdánwò tí wọ́n ṣe fún wọn ló fi ìyàtọ̀ hàn, ẹ má jẹ́ ká parọ́.

Èyí tí wọ́n ṣe ní Tübingen, ní Jámánì, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013, ló wá yani lẹ́nu jù. Èèyàn 32 ni. Wọ́n dé fìlà oníwáyà sí wọn lórí, wọ́n so ọwọ́ wọn mọ́ ẹ̀rọ tó lè gbé ọwọ́. Fún àwọn kan, ìgbà tí ọpọlọ wọn bá gbìyànjú nìkan ni ẹ̀rọ ń gbé ọwọ́ wọn. Fún àwọn yòókù, ẹ̀rọ kàn ń gbé ọwọ́ nígbà tó bá wù ú, kò bá ọpọlọ dá sí i. Gbogbo wọn ló gba físíò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìpín àkọ́kọ́ lọwọ́ wọn yàtọ̀ gedegbe. Ẹ gbọ́ o: ọwọ́ gbogbo wọn ni ẹ̀rọ gbé, ọwọ́ gbogbo wọn ló mì. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni pé fún àwọn kan, ìsapá àti èrè rẹ̀ jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Lóṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ tó ń yẹ oògùn àti ohun èlò ìṣègùn wò l'Amẹ́ríkà, FDA, fàṣẹ sí ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní IpsiHand, oníwáyà lórí, aláwọ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, pé kí dókítà máa kọ ọ́ fáwọn tí rọpárọsẹ̀ mú lọ́wọ́. Èèyàn 40 ni wọ́n fi dán an wò fún ọ̀sẹ̀ 12, ọwọ́ gbogbo wọn ló sì dára sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má sọ pé wọ́n ti rí oògùn rọpárọsẹ̀ o. Àwọn tí wọ́n fi dán an wò kò pọ̀, kò sì sẹ́ni tó dìde láti orí bẹ́ẹ̀dì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán. Owó rẹ̀ náà ńkọ́? Àwọn onímọ̀ tó ka ẹ̀rọ MRI ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé èsì wọn jáde lọ́dún 2018: 84 péré ni wọ́n rí fún èèyàn tó lé ní 370 mílíọ̀nù, 58 nínú rẹ̀ wà ní Nàìjíríà. Àwọn tó fẹ́ẹ́ ya àwòrán lásán gan-an ń tò, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tó fẹ́ẹ́ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́ kó máa kọ́ ọpọlọ rẹ̀ níṣẹ́. Kì í ṣe ohun tí Ìyá Olóbì máa rí l'Òkè-Sopẹ́n lọ́la.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà kọ́ wa ò gba owó. Ó ní ọpọlọ gbọ́dọ̀ sapá, kó sì rí èrè ìsapá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn onífísíò ti ń lo ọgbọ́n yìí látìgbà pípẹ́, wọ́n sì wà ní ọsibítù ìkọ́ni Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Ṣágámù, wọ́n wà ní UCH n'Ìbàdàn, wọ́n wà ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ l'Ábẹ́òkúta.

Ẹ mú dígí, fún àpẹẹrẹ. Wọ́n á gbé dígí kan sáàárín ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ tó rọ á wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ tó yè á wà níwájú. Bí ọwọ́ tó yè bá ń ṣí tó ń pa dé, ẹni náà á máa rí i nínú dígí bíi pé ọwọ́ tó rọ ló ń ṣe é. Lọ́dún 1999 làwọn dókítà kan l'Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa èèyàn mẹ́sàn-án tí wọ́n fi dán an wò. Nígbà tó fi máa di ọdún 2018, àwọn tó ń gba iṣẹ́ ìwádìí jọ ti rí 62, èèyàn 1,982 ló wà nínú wọn, wọ́n sì ní ó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ lóòótọ́, tí wọ́n bá fi kún ìtọ́jú tó kù. Dígí o!

Ti Taub náà wà ńbẹ̀. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn sí ọwọ́ tó yè, kó má baà lè dí ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á wá fipá mú ọwọ́ tó rọ láti ṣiṣẹ́. Èèyàn 222 ni wọ́n fi dán an wò l'Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tó ṣe é sì sàn ju àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, kódà lẹ́yìn ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì lè mì díẹ̀ nìyẹn wà fún, onífísíò ló sì gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó yẹ. Kẹ́nìkan má lọ di ọwọ́ ìyá ẹ̀ kó ṣubú nínú balùwẹ̀ o.

Èyí tí gbogbo ilé wá lè ṣe nìyí. Ẹ má gbé ọwọ́ náà fún un nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ò gbìyànjú. Ẹ ní kó kọ́kọ́ gbìyànjú, kó fojú sí ọwọ́ náà, kó kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta, ìgbà tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń sapá ni kẹ́ ẹ tó fọwọ́ tì í lẹ́yìn. Tó bá mì bí ìka kan, ẹ pariwo. Ẹ ti di ẹni tó wà ní pálọ̀ nìyẹn.

Ká ní àkọ́bí Ìyá Olóbì gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, onífísíò ò ní í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù òyìnbó. Obì ló máa ní kí wọ́n kó wá, torí iṣẹ́ tí ọwọ́ náà ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ló rọrùn jù fún ọpọlọ láti rántí. Apẹ̀rẹ̀ méjì á wà níwájú, ọ̀kan kún, ọ̀kan ṣófo. Kí màmá fọwọ́ ọ̀tún mú obì kan láti ibí sọ́hùn-ún. Ọmọ-ọmọ á jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò, á máa kọ iye tó ṣe lójoojúmọ́. Lónìí ó lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kó sì já bọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó lè jẹ́ mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó bá wo ìwé yẹn lẹ́yìn oṣù kan, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ọwọ́ òun ò tíì kú.

Ọwọ́ náà lè má padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn kan wà tí àrùn náà jẹ jù. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ìyá tó lè di bọ́tìnnì ara rẹ̀ àti ìyá tí wọ́n ń dì í fún. Àwọn oṣù àkọ́kọ́ sì ni ọpọlọ máa ń gbẹ̀kọ́ jù, àwọn oṣù yẹn gan-an lọ̀pọ̀ ilé ń fi wá ẹni tó ta ọfà.

Ẹni tí ò tíì ṣe, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó má sì dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé ara yá. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ṣàdédé wọ́, tí ọwọ́ kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara mọ́, ẹ gbé e lọ ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì, láàárín wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n lè lò ó, àyẹ̀wò ló sì máa sọ bóyá ó yẹ ẹni náà. Tí ti wákàtí yẹn bá ti kọjá, tòní ò tíì kọjá. Ẹ fi orogún sílẹ̀ ná, ẹ lọ gbé apẹ̀rẹ̀ obì méjì wá.